Òkú Dìde Gba Owó, Ìtàn Ló Kú

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ di alẹ́, kí ọ̀gá yín má bàa sọ pé èmi ni mò ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún èèyàn kì í ṣe àwáwí fún àìmúrasílẹ̀. Èèyàn lè kó òṣèré mẹ́rìnlá tí wọ́n mọṣẹ́ dunjú jọ sórí ìtàgé kan ṣoṣo, kí gbogbo wọn sì jọ já wa kulẹ̀. Mo ti fojú ara mi rí i.

KÍ NI PÁSÍTỌ̀ Ń WÁ NÍBI ERÉ?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń múra láti kọ èyí sísàlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìwé Oníwàásù orí kẹta ka ẹ̀rín mọ́ àwọn ohun tó ní àsìkò tiwọn lábẹ́ ọ̀run. Ísákì, orúkọ ọmọ tí Ábúráhámù àti Sárà bí lọ́jọ́ ogbó, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ló wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run tó fi ẹ̀rín sínú orúkọ ọmọ ìlérí kò bínú sí ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ ká tún rántí ilé tí eré orí ìtàgé wa ti jáde. Hubert Ògúndé, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá eré orí ìtàgé Yorùbá, ìjọ Aládúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ló ní kó ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944, eré nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1945, ló dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1985, Mike Bamiloye bẹ̀rẹ̀ Mount Zion ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ sì ti dàgbà tó láti rántí Agbára Ńlá mọ iye oorun tí eré yẹn gbà lójú wa. Nítorí náà, ilé àjèjì kọ́ ni mo yọjú sí. Ilé tó kàn wá ni.

OHUN TÁ A LỌ WÒ

Lóṣù tó kọjá, a kó ọ̀dọ́ méjìlá nínú ẹgbẹ́ eléré ìjọ wa lọ wo eré aláwàdà kan ní Èkó. Mi ò ní dárúkọ gbọ̀ngàn, mi ò ní dárúkọ ẹni tó gbé eré kalẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ òṣèré kankan. Ìjà kọ́ ni mo bá wá.

₦10,000 ni tíkẹ́ẹ̀tì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́ta gbáko làwọn ọmọ yìí fi dá owó náà. Ọ̀kan nínú wọn ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Owó táṣẹ́rẹ́ táwọn oníbàárà fi ń ta á lọ́rẹ ló ń tọ́jú sínú agolo títí tó fi pé. Wọ́n lọ kí wọ́n lè rí bí àwọn ọ̀gá ṣe ń ṣe é, nítorí àwọn náà ń múra eré Àjíǹde lọ́wọ́.

Ojú èèyàn mẹ́rìnlá ló wà lórí ìwé ìpolówó. Àwọn kan nínú wọn, láti kékeré la ti ń wò wọ́n nínú fíìmù. Àwọn kan jẹ́ apanilẹ́rìn-ín tó ń dá dúró pẹ̀lú máìkì. Àwọn tó kéré jù ń ṣe skit lórí fóònù, àìmọye èèyàn ló sì ń tẹ̀lé wọn. Kò sí ọ̀lẹ níbẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ṣí aṣọ ìtàgé.

Ìtàn náà dára, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bàbá arúgbó kan tó ní ilé mẹ́ta díbọ́n pé òun kú, kó lè mọ ohun táwọn ọmọ òun á ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀. Wọ́n tẹ́ bàbá sí àárín palọ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa ka ìwé ìhágún. Àwa tá a jókòó mọ̀ pé bàbá ò kú. Àwọn ọmọ ò mọ̀. Inú àlàfo yẹn gan-an ni ẹ̀rín wà. Gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀, ojú wa á ti sáré lọ síbi aṣọ funfun yẹn, ká wò ó bóyá á mira.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe.

Àkọ́bí wọlé. Kò tilẹ̀ wo òkú. Ó rìn tààrà wá sí iwájú ìtàgé, ó pa àṣà tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ ọn, gbọ̀ngàn hó yèè. Ó tún un pa. Ó béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ti jẹun. Èkejì wọlé, bákan náà. Ìkẹta wọlé, bákan náà. Bàbá wọn kú, ó ti lé ní ìdajì wákàtí, ẹnì kan ò tíì sunkún! Àwọn méjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìkẹta ń gba máìkì lọ́wọ́ ìkẹrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ò mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ kàn.

Ìgbà tó ṣe, ọ̀gbẹ́ni kan dìde láti iwájú, ó lọ ń náwó lórí ìtàgé. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sára òkú. Ẹ̀yin èèyàn mi, òkú dìde! Ó jókòó, ó ṣa owó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, ó kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ó sì tún dùbúlẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ dúró, wọ́n ń wò ó.

Èèyàn rẹ́rìn-ín o. Mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ló gbẹ̀yìn ìtàn náà. Tí àwọn ọmọ bá ti rí bàbá wọn tó ń ka owó, kí la tún ń bọ̀ wá wò? Òkú dìde gba owó, ìtàn ló kú.

ÌṢẸ́JÚ MẸ́RIN TÓ DÙN MÍ JÙ

Ẹ lè rò pé ohun tí kò dára ló dùn mí jù. Rárá. Ohun tó dára ni.

Màmá kan wà níbẹ̀, àgbà òṣèré, tó ṣe ìyàwó bàbá náà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, màmá yìí mú agbádá ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Kò sọ nǹkan kan. Ó ká a, kò rí bó ṣe fẹ́, ó tú u, ó tún un ká. Ó gbé e símú. Ó wo òkú. Ó wá nawọ́ sínú àpò agbádá náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti ogójì ọdún, ó yọ owó jáde, ó kà á, ó dá ìdajì padà. Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. Ìgbéyàwó ogójì ọdún ni màmá yẹn fi àpò aṣọ kan sọ fún wa.

Kó tó jókòó tán, ọmọkùnrin onískit kan ti fò wọlé pẹ̀lú àṣà tirẹ̀, orin ti ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó parí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, a rí ohun tí gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn ì bá jẹ́.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn òṣèré, ó wo àwùjọ, ó rí arákùnrin kan tó fi igi ìtilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín ìrìn rẹ̀ jẹ. Arákùnrin náà fi ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ tẹrí ba. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí kò tọ́jú àwàdà wá láti ilé, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò fi ṣe àwàdà. Àìmúrasílẹ̀ kì í pẹ́ di ìkà. Olóyè Oyin Adéjọbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dá ṣáṣá, síbẹ̀ ọ̀gá ni lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ fi ìtàn ayé ara rẹ̀ ṣe eré Orogún Adédigba. Ẹ̀yin tí ẹ wo Kóòtù Aṣípa, ṣé ẹ rántí ẹsẹ̀ rẹ̀, àbí ọgbọ́n rẹ̀ lẹ rántí?

Báwo ni eré náà ṣe parí? Kò parí. Ilẹ̀ ti ṣú jù, alága ìnáwó gba máìkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́, ó ní ká máa lọ sílé láyọ̀. Ìwé ìhágún tí gbogbo eré dá lé lórí, wọn ò kà á. Títí di òní yìí, mi ò mọ ẹni tó ni ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ÌBÉÈRÈ TÓ MÚ MI KỌ ÈYÍ

Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá a ń padà, ọmọbìnrin oníṣẹ́ irun yẹn bi mí pé, "Dádì, ṣé ká kúkú pa ìdánrawò ọjọ́ Ìṣẹ́gun tì ni? Àwọn tá a lọ wò yìí ò ṣe é, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ₦10,000? Ohun tí ọmọ kan kọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé tí orúkọ èèyàn bá ti tóbi, kò pọn dandan kó ṣiṣẹ́ mọ́. Tí àwọn ọmọ wa bá gba èyí gbọ́, kì í ṣe eré nìkan ló máa bàjẹ́. Dókítà lọ́la ni wọ́n, ẹni tó máa mọlé ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n.

Nígbà tá a ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré náà tó mọ̀ mí wá kí mi. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sí wa o. Ẹ̀ẹ̀kan péré la pàdé, ìdajì wa ò sì wá. Orí ìtàgé yìí ni gbogbo wa ti péjọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún òótọ́ tó sọ. Òótọ́ yẹn ló sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"ÀWỌN ÀGBÀ NÁÀ Ò NÍ ÌWÉ ERÉ"

Mo ti gbọ́ èyí rí, ó sì fẹ́ jọ òótọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò ayé àtijọ́ kò kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sílẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń hun ún. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi rọ́pò ìwé? Wọ́n jọ ń gbé ni. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn nínú ọkọ̀ kan náà, eré tí wọ́n ṣe ní ìlú kan lánàá ni wọ́n máa tún ṣe ní ìlú mìíràn lọ́la. Ohun tó bá pa èrò lẹ́rìn-ín, wọ́n á fi sílẹ̀. Ohun tí kò bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ ọ́. Nígbà tí eré bá fi máa pé ogójì alẹ́, ẹnì kìíní ti mọ ìgbà tí ẹnì kejì máa mí. Ìdánrawò ni gbogbo ìyẹn o, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ògúndé tilẹ̀ fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ kí wọ́n má bàa fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀ o! Màmá ìjọ ń ka ibí yìí. Mo kàn ń sọ bí ọ̀rọ̀ kí ẹgbẹ́ má tú ká ṣe ká bàbá yẹn lára tó ni.

Ẹ wo Moses Ọlàiyá, Bàbá Sàlá wa, tó kú ní 2018. Dígí ojú rẹ̀ tó tóbi kọjá ààlà àti táì rẹ̀ nìkan ti tó láti pa ọmọdé lẹ́rìn-ín. Ì bá ti jókòó ti aṣọ yẹn kó máa gbowó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Ọ̀run Móoru tó jáde ní 1982, ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe, a sì gba ìyà rẹ̀ gbọ́ kó tó di pé a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe skit, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Kí èèyàn pani lẹ́rìn-ín láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n níbi skit, tí ọ̀rọ̀ ò bá dùn, ẹ lè gé e, kẹ́ ẹ tún un yà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Orí ìtàgé kò ní gígé. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ẹnì kejì sọ, kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹni tó mọ ọ̀kadà gùn dáadáa, ìyẹn ò sọ pé ó lè wa tírélà. Kó lọ kọ́ ọ ni.

OWÓ ŃKỌ́?

Mo gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gbé eré kalẹ̀ náà. Owó gbọ̀ngàn ga. Epo jẹnẹrétọ̀ ga. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ lásán ti di ẹrù. Tẹ́ ẹ bá pe òṣèré mẹ́rìnlá sí ìdánrawò ọjọ́ mẹ́wàá, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà ogóje nìyẹn, ẹ ò tíì ra omi. Àwọn òṣèré náà ń sáré láti ibi fíìmù kan sí òmíràn kí ọmọ wọn lè lọ sílé ìwé. Mi ò bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń wá oúnjẹ.

Àmọ́ Jésù béèrè nínú Lúùkù orí kẹrìnlá nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́: ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀ ni? Tí owó kò bá tó fún èèyàn mẹ́rìnlá, ta ló fi dandan lé mẹ́rìnlá? Bàbá, ìyàwó, ọmọ méjì, ọ̀rẹ́ kan. Èèyàn márùn-ún ti tó ìtàn yẹn ṣe. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú máa kéré lórí ìwé ìpolówó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó bá wò ó lọ́jọ́ kìíní ló máa lọ pe àwọn ará ilé wọn wá lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí ẹ já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìpolówó mélòó lẹ máa fi fà á padà?

Àwa èrò ìwòran náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Tí a bá ń dé lẹ́yìn wákàtí méjì, kí ló máa mú wọn bẹ̀rẹ̀ lásìkò? Tí a bá ń náwó sórí òkú, kí ló máa mú òkú dùbúlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi owó náà sápò títí eré á fi parí. Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ẹ wá náwó fún un nígbà yẹn títí tí ọwọ́ á fi ro yín.

ẸJẸ́ KÁ WỌ ILÉ WA

Ẹ má rò pé àwọn òṣèré nìkan ni mò ń bá wí. Nínú ìjọ, a máa ń rí akọrin tó ní ohùn tó ń mi ilé, tí kì í wá síbi ìdánrawò. Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní Ẹ̀mí ló ń darí òun. Ẹ lọ ka ìwé Kíróníkà kìíní orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: àwọn 288 tó ń kọrin nínú ilé Olúwa láyé Dáfídì, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ ni. Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù orí kọkànlélọ́gbọ̀n: Bésálẹ́lì tí Ẹ̀mí Ọlọ́run kún inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó fi ara balẹ̀ ṣe ni Ẹ̀mí náà fi hàn lára rẹ̀. Ẹ̀mí kì í bá ọ̀lẹ ṣàwáwí.

Ìdáhùn tí mo fún ọmọ mi nínú bọ́ọ̀sì nìyí, òun náà ni mo fún gbogbo ọ̀dọ́ tó bá ka èyí: ìdánrawò ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń bẹ digbí. Màmá tó ká agbádá yẹn, ẹ má rò pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká a. Òun ni kí ẹ wò. Ẹ má wo àtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin òṣèré wa, ẹ̀yin apanilẹ́rìn-ín, a nílò yín. Ìlú le. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wá jókòó síwájú yín, ẹ̀rín tí wọ́n máa rín lọ́wọ́ yín ni ẹ̀rín kan ṣoṣo tí wọ́n máa rín lọ́sẹ̀ náà. Ẹ má fún wọn ní àjẹkù. Tí ẹ bá tún gbé eré bàbá tó díbọ́n kú yẹn wá, tí ẹ sì ti jọ ṣe é dójú ẹ̀, ẹ fi tó mi létí. Èmi àti àwọn méjìlá mi á wá, a ó san owó wa pé. Ẹ ṣáà bá wa ka ìwé ìhágún.

Mo gbàdúrà fún ẹni tó bá ń ka èyí: ẹ̀bùn tó wà lára rẹ kò ní di àbùkù fún ọ. Olúwa yóò fún ọ ní sùúrù láti kọ́ṣẹ́, yóò fún ọ ní àwọn tí ẹ ó jọ ṣe é, kò sì ní jẹ́ kí owó ojú agbo mú ọ dìde kí àsìkò rẹ tó tó. Lórúkọ Jésù. Ẹ ṣe àmín tó rinlẹ̀ sísàlẹ̀.

Kí ẹ tó lọ: eré wo lẹ wò tó dùn yín dé egungun, kí ló sì mú un dùn? Ẹ kọ ọ́ fún wa. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń kà á.